Bí A Ṣe Ń Lo Ọjọ́ Kan Láàárín Ibojì àti Tẹ́ńpìlì Àwọn Fáráò ní Luxor

Ìlú Luxor wà ní gúúsù ilẹ̀ Íjíbítì, létí odò Náílì. Ọkọ̀ òfurufú láti Kàírò ń débẹ̀ láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ojú irin sì ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Waset ni àwọn tó ni ín láyé àtijọ́ ń pè é, Thebes sì ni àwọn Gíríìkì pè é. Odò náà ló pín in sí méjì. Ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí oòrùn ti ń yọ, ni wọ́n kọ́ ilé ìgbé àti àwọn tẹ́ńpìlì ńlá òrìṣà wọn sí. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, ni wọ́n ń gbé òkú lọ, nítorí pé lójú tiwọn, ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ lóru náà ni ọba tó bá wàjà ń tọ̀. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn kò ní sọnù lọ́jọ́ náà, bí orúkọ àwọn ọba tilẹ̀ ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò pọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òkú ní òwúrọ̀, ẹ parí sọ́dọ̀ àwọn alààyè ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fara balẹ̀ wo ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ má sáré wo gbogbo rẹ̀. Àpáta àti iyanrìn lásán ni ibi tí àwọn ibojì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kò sí igi tí ènìyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa di aago mọ́kànlá, òkúta ibẹ̀ ti ń yọ ooru bí ààrò. Ìhà ìlà-oòrùn yàtọ̀, nítorí pé àwọn òpó Karnak, tẹ́ńpìlì ńlá ibẹ̀, ń ṣíji bo ènìyàn, tẹ́ńpìlì Luxor sì ń gba àlejò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn kan máa ń fẹ́ kọ́kọ́ mú àlejò lọ sí Karnak torí pé ó sún mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má gbà fún wọn.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ gbọ́dọ̀ mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ní ti físà, ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Íjíbítì ni kí ẹ ti béèrè ohun tí òfin wí kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹni tó lọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn bá sọ. Láti oṣù Ọ̀wàrà dé oṣù Igbe ni ojú ọjọ́ ti ń rọ̀ díẹ̀. Láàárín oṣù Òkudù sí oṣù Ògún, ooru máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mi ò sì lè gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ó lọ nígbà náà.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà háyà ìrìn náà. Ó lè wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn, kí gbogbo wọn jọ tẹ̀ lé amọ̀nà kan, ó sì lè gba ọkọ̀ àti amọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹ bá tó ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún láti inú ẹbí kan, èkejì ló sàn, nítorí pé ẹ ó pín owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò máa lé yín jáde kúrò nínú ibojì torí pé bọ́ọ̀sì fẹ́ lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ: ibo àti ibo lẹ máa dé, ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé wà nínú iye tí wọ́n dá lé yín tàbí ẹ máa san án lọ́tọ̀, ta ló ni oúnjẹ ọ̀sán, aago mélòó ni ọkọ̀ máa dá yín padà.

Ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé ẹ kò fẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Ojú mi ló rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, wákàtí kan gbáko la fi jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta funfun sí ìkòkò, tí wọ́n ń bu tíì fún wa, tí ọ̀gá ibẹ̀ ń fi ìkòkò kan tẹ̀ lé òmíràn hàn wá, amọ̀nà wa sì ń wo fọ́ọ̀nù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìgbà tí a fi máa dé tẹ́ńpìlì ọbabìnrin Hatshepsut, oòrùn ti dé àtàrí, a kò lè dúró ju ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, n kò sọ pé kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè fi àkókò tirẹ̀ lọ rà á lọ́jọ́ kejì.

Amọ̀nà tó bá ní ìwé àṣẹ ìjọba máa ń fi káàdì rẹ̀ kọ́ ọrùn, ẹ má tijú láti wò ó. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ ṣáájú: ní Àfonífojì Àwọn Ọba, níbi tí wọ́n gbẹ́ ibojì àwọn ọba sí, wọn kì í gbà kí amọ̀nà máa ṣe àlàyé nínú ibojì, kí èrò má baà dúró dí ọ̀nà tóóró náà. Ìta ló ti máa ṣàlàyé tán, lẹ́yìn náà ni ẹ ó dá wọlé fúnra yín. Nítorí náà, ẹ ní kí ó sọ fún yín, kí ẹ tó wọlé, ohun mẹ́ta péré tí ẹ máa wá nínú ibojì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ka orúkọ ọba ogún sí yín létí, ẹ ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ẹrù ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Omi ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà fìlà tó ní etí, aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tó bo apá, àti bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú káàdì báńkì tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun dání, torí pé káàdì ni wọ́n ń gbà jù báyìí ní káńtà tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ẹ tún ṣẹ́ owó Íjíbítì sí wẹ́wẹ́ sínú àpò kan lọ́tọ̀; ohun tí ẹ máa fi ṣe ń bọ̀ níwájú.

Òwúrọ̀ láàárín àwọn ọba

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà, nítorí pé aago mẹ́fà ni wọ́n ń ṣí Àfonífojì Àwọn Ọba. Afárá tó gba odò kọjá wà ní gúúsù ìlú, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ yí ibẹ̀ po. Ní tèmi, mo fẹ́ràn kí awakọ̀ lọ dúró dè wá ní òdìkejì, kí àwa wọ ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ láti iwájú tẹ́ńpìlì Luxor. Kò pẹ́ rárá, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ènìyàn sì máa rí bí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ṣe ń kúrò ní dúdú, tí wọ́n ń di pupa, tí àwọn bàlúùnù ńlá tó ń gbé àlejò sì ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan lórí oko ìrèké.

Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba àlejò, ẹ ó bá àwòṣe àfonífojì náà tí wọ́n fi ohun tó mọ́ bíi gíláàsì ṣe. Ọ̀pọ̀ èrò ń sáré kọjá lára rẹ̀ torí àtirí ọkọ̀ kékeré abánáṣiṣẹ́ wọ̀. Ẹ má kọjá rẹ̀. Lókè ni ẹ ó rí òkè àti ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i bí àwọn ibojì ṣe rọ̀ sínú ilẹ̀ bí gbòǹgbò igi, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Ibojì tí a mọ̀ níbẹ̀ lé ní ọgọ́ta. Wọn kì í ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń ti òmíràn kí ó lè sinmi, nítorí pé èémí àti òógùn àwa àlejò ń mú ọ̀rinrin wọlé, ọ̀rinrin sì ń ba ọ̀dà ara ògiri jẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ń gba ènìyàn wọ ibojì mẹ́ta. Ti Tutankhamun, ti Seti Kìíní, àti èyí tí Ramesses Karùn-ún àti Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà jọ ni, ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀. Mẹ́ta yẹn tó, bí ẹ bá mọ̀ wọ́n yàn. Bí àgbàlagbà bá wà láàárín yín tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn, ti Ramesses Kẹrin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Ẹ ó rí ohun tí àwọn Kristẹni ìgbà àtijọ́ àti àwọn àlejò Gíríìkì kọ sára ògiri níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìwà kí ènìyàn kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri olówó ògiri kò bẹ̀rẹ̀ lóde òní. Ẹni tó bá lágbára lè gun àtẹ̀gùn irin lọ sí ti Thutmose Kẹta, tí wọ́n gbẹ́ sókè nínú pàlàpálá àpáta. Ẹ ó mí hẹlẹ, ṣùgbọ́n yàrá òkú rẹ̀ rí gbọọrọ bí òrùka tí wọ́n máa ń fi yí orúkọ ọba ká, àwòrán ara ògiri rẹ̀ sì jẹ́ ìlà tíńtín bí ẹni pé akọ̀wé ló fi kálàmù ya á sórí ìwé ní kíákíá.

Mo kà á sí ọ̀ranyàn kí ẹ wọ ti Ramesses Kẹta. Bí ẹ bá ti rìn wọ inú díẹ̀, ọ̀nà náà ṣàdédé yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó tún máa lọ tààrà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń gbẹ́ ẹ fún Setnakhte, bàbá rẹ̀, ló ṣèèṣì já wọ inú ibojì ọba mìíràn, Amenmesse, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; wọ́n pa á tì, Ramesses Kẹta sì wá ní kí wọ́n yà kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ. Ẹ ó fojú ara yín rí àṣìṣe tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Àwọn yàrá kéékèèké tún wà lápá ọ̀tún àti òsì ọ̀nà náà: àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì wà nínú ọ̀kan, ohun ìjà wà nínú òmíràn, afọ́jú méjì sì ń ta háàpù fún àwọn òrìṣà nínú ọ̀kan.

Bí owó bá wà fún tíkẹ́ẹ̀tì kan péré lé e, ti Ramesses Karùn-ún àti Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni kí ẹ ná an lé. Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ kọ́ yín bí a ṣe ń ka ògiri, nítorí pé ẹni tó bá mọ ọ̀kan kà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo wọn. Láti ẹnu ọ̀nà, ẹ wá oòrùn. Òbìrí pupa ni nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ó jẹ́ ọkùnrin olórí àgbò tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Alẹ́ ni òrìṣà oòrùn wà yẹn, tó ń la ilẹ̀ òkú kọjá. Òru ní wákàtí méjìlá, wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ẹnubodè, ejò àti ọ̀bẹ sì ń ṣọ́ àwọn ẹnubodè náà. Àwọn tí a dojú orí wọn kodò tàbí tí kò ní orí ni ọ̀tá tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni òru ń jinlẹ̀ sí i. Ọba tó ni ibojì náà ń bá oòrùn rìn, ìrètí rẹ̀ sì ni pé bí ó bá yọ ní òwúrọ̀, òun náà á bá a yọ.

Nígbà tí ẹ bá dé yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí pósí òkúta tó ti fọ́ wà, ẹ gbé ojú sókè. Òrìṣà ojú ọ̀run, Nut, nà gbọọrọ káàkiri àjà ilé, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n yà á, tí ó kẹ̀yìn síra, ara rẹ̀ yẹ́lò lórí ojú ọ̀run aláwọ̀ dúdú. Ẹnu rẹ̀ ni oòrùn ń bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé òbìrí pupa kékeré náà bó ṣe ń gba inú ara rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi bí i ní òwúrọ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí. Àwọ̀ búlúù tí ẹ ó máa rí kiri nínú àwọn ibojì yìí kì í ṣe erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde nílẹ̀ bíi ti pupa. Wọ́n fi bàbà, iyanrìn àti ẹfun jó pọ̀ nínú iná gbígbóná ni, wọ́n wá lọ̀ ọ́ kúnná.

Ibojì yìí ló sì fi ti Tutankhamun pa mọ́. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀ àti àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló bo ẹnu ọ̀nà ọba ọ̀dọ́ náà mọ́lẹ̀, tí àwọn olè fi gbàgbé rẹ̀, títí di ọjọ́ 4 oṣù Bélú ọdún 1922 tí àwọn òṣìṣẹ́ Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, fi rí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó lókìkí ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: yàrá mẹ́rin kékeré ni, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ní àwòrán lára ògiri. Àwọn ẹrù rẹ̀ tó lé ní 5,000, tó fi mọ́ ìbòjú wúrà náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀, nínú àpótí gíláàsì, ó kéré, ó dúdú. Àwọn ọba yòókù ti kúrò tipẹ́. Àwọn àlùfáà àtijọ́ ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn pa mọ́ nígbà tí olè pọ̀, wọ́n rí wọn ní 1881, Kàírò sì ni wọ́n wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí Tutankhamun nítorí pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù nílé, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tó ń retí wúrà máa bínú jáde.

Ti Seti Kìíní ló wọ́n jù, ó tún gùn gan-an, ó sún mọ́ mítà 137, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́. Giovanni Belzoni, ará Ítálì kan tó ń wá ohun àtijọ́ kiri, ló ṣí i ní 1817, ó sì gbé pósí òkúta funfun inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè kọ́kọ́ lọ wo pósí náà ní ilé John Soane ní Lincoln's Inn Fields, níbi tó ti wà láti 1824, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ó mọ bóyá ibojì náà tọ́ sí owó tí wọ́n ń bù lé e.

Nínú gbogbo ibojì wọ̀nyí, ẹ lè fi fọ́ọ̀nù ya àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ pa iná rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ máa ń ṣẹ́jú sí àlejò, wọ́n á ní kí ó wá rí igun kan tí wọ́n fi okùn dí, tàbí kí ó fún àwọn ní fọ́ọ̀nù kí àwọn bá a ya àwòrán. Bákíṣíìṣì ni wọ́n ń wá, ìyẹn owó ìfọwọ́bọ̀wọ́ kékeré. Bí ẹ bá gba ìrànlọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn nínú owó wẹ́wẹ́ tí mo ní kí ẹ yà sọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ sọ pé "lá, ṣúkúrán" (rárá, ẹ ṣé), kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ má kọjá okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà, kódà bí ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ bá gbé e sókè fún yín.

Ọbabìnrin onírùngbọ̀n, àti àwọn tó gbẹ́ àpáta

Tẹ́ńpìlì Hatshepsut wà lẹ́yìn òkè kan náà, ní Deir el-Bahari, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ àpáta gíga. Nǹkan bíi 1479 ṣáájú ìbí Jésù ló gorí oyè, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa yà òun bí ọkùnrin, pẹ̀lú irùngbọ̀n ọba. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ní ọwọ́ òsì, ni ìtàn ìrìn àjò àwọn èèyàn rẹ̀ sí Punt, ilẹ̀ òkèèrè kan tí wọ́n ti ń kó tùràrí, wà. Ẹ wá ilé tó dúró lórí òpó tí wọ́n ń fi àkàbà gùn, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń ru igi tùràrí tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí ihò tó dà bí ojìji ènìyàn lára ògiri, wọ́n ha àwòrán ọbabìnrin náà kúrò ni. Thutmose Kẹta, ọmọ ọkọ rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ló pa á láṣẹ, kì í sì í ṣe kété tó wàjà ni wọ́n ṣe é, bí kò ṣe nígbà tí ìjọba Thutmose ń lọ sí òpin.

Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀pọ̀ amọ̀nà á fẹ́ yára lọ jẹun. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ní Deir el-Medina. Abúlé àwọn agbẹ́bojì ni: àwọn agbẹ́kùúta, ayàwòrán àti akọ̀wé tó ṣe gbogbo ohun tí ẹ ti wò láti òwúrọ̀. Ìpìlẹ̀ ilé wọn ṣì wà nílẹ̀, ilé tóóró tí wọ́n fara kan ara wọn, ẹnu ọ̀nà dojú kọ òpópónà kan ṣoṣo. Ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n tí Ramesses Kẹta wà lórí oyè, wọn kò rí oúnjẹ tó jẹ́ owó iṣẹ́ wọn gbà fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n bá ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì, wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ló gbé àwọn wá. Ìwé tí akọ̀wé wọn fi kọ ọ́ sílẹ̀ wà ní Turin ní Ítálì lónìí, òun sì ni àkọsílẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ti dúró de owó oṣù rí kò nílò àlàyé amọ̀nà níbẹ̀.

Ibojì Sennedjem, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà, wà lẹ́bàá abúlé. Ẹ ó tẹ̀ wọlé gan-an, ọ̀nà rẹ̀ kúrú, ó sì há. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí àyè híhá máa ń bà lẹ́rù, ẹ dúró síta. Yàrá kan ṣoṣo ni, àjà rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, gbogbo rẹ̀ sì yẹ́lò bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Lára ògiri kan, Sennedjem àti ìyàwó rẹ̀ ń kórè nínú oko ayé kejì, wọ́n wọ aṣọ funfun báláú tí kò yẹ iṣẹ́ oko rárá. Àwọn ọba kún ibojì tiwọn fún ejò àti ẹnubodè. Òṣìṣẹ́ ya ìyàwó rẹ̀ àti àgbàdo tí kò tán sí tirẹ̀. Àlìkámà ni o, kì í ṣe àgbàdo tiwa. Ẹnu mi ló ṣì.

Ère ńlá méjì Amenhotep Kẹta wà létí títì bí ẹ bá ń padà bọ̀, wọ́n ga tó nǹkan bíi mítà 18. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Oúnjẹ ọ̀sán yẹ kó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn kí ẹ tó sọdá. Ẹ béèrè mulukhíyà. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, ẹ ó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tọ́ ọ wò, nítorí pé ewé ewédú gan-an ni, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi áyù díndín sí i. Ìrẹsì tàbí búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n tún ní ohun kan tó jọ àkàrà tí wọ́n ń fi ẹ̀wà àti ewé dín.

Bí a ti dárúkọ ewédú, ọ̀rọ̀ kan kò ní ṣàì jáde lórí tábìlì náà, pé ṣé láti Íjíbítì ni Yorùbá ti wá. Àwọn òǹkọ̀wé kan láyé àtijọ́ jiyàn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ kan jọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè òde òní kò gbà á. Inú ẹbí èdè mìíràn ni èdè àwọn Fáráò wà, ọmọ Nàìjíríà tó sì bá a tan níbẹ̀ ni Hausa. Ẹ gbádùn ibojì wọn bí tiwọn.

Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ní ìhà ìlà-oòrùn

Ẹ dé Karnak ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ti ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí títóbi rẹ̀ dà yín láàmú. Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ yà sẹ́yìn ògiri ńlá ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Òkìtì bíríkì amọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń rò pé àlàpà lásán ni. Òun ni àwọn ọ̀mọ̀lé ń gùn gbé òkúta lọ sókè; wọn kò parí ògiri náà, wọn kò sì kó òkìtì náà kúrò. Ẹni tó bá ti ń béèrè láti àárọ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe gbé òkúta ńláńlá sókè ti rí ìdáhùn kan.

Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn olópòó, òpó 134, tí méjìlá àárín rẹ̀ ga tó mítà 21. Seti Kìíní àti Ramesses Kejì, ọmọ rẹ̀, ló fín àwòrán sí i. Àwòrán Seti yọ síta díẹ̀ lára òkúta, ó sì fẹ́lẹ́. Ti Ramesses, wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú jinjin. Ẹ fi ìka tọ́ka sí i láì fọwọ́ kàn án, kí ẹ wá ibi tí iṣẹ́ bàbá ti parí tí ti ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àwọn òkúta àjà tó ṣẹ́ kù, ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé oòrùn kò dé ibẹ̀.

Síwájú sí i ni òpó òkúta akọ Hatshepsut dúró, òkúta kan ṣoṣo láti Aswan, tó ga tó nǹkan bíi mítà 29. Lẹ́bàá adágún mímọ́ ni ère ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn kan wà tí àwọn àlejò ń yí po ká nítorí oríire. Àṣà àwọn oníṣòwò òde òní ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ní àyè ìjókòó, ẹ lè fi wo àwọn tó ń yí i po kí ẹsẹ̀ yín sinmi.

Ọ̀nà àwọn ère kìnnìún olórí ènìyàn tó so Karnak pọ̀ mọ́ tẹ́ńpìlì Luxor gùn tó kìlómítà 2.7, wọ́n sì tún un ṣí fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Bélú ọdún 2021. Bí ara bá gbé e, ẹ rìn díẹ̀ lórí rẹ̀; bí kò bá gbé e, ọkọ̀ á gbé yín lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ wọ tẹ́ńpìlì Luxor nígbà tí oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ àti ti iná mànàmáná bá ara wọn lójú yín. Níwájú ẹnu ọ̀nà, òpó òkúta gíga kan ló dá dúró. Èkejì rẹ̀ ti wà ní gbàgede Concorde ní Páríìsì láti 1836.

Bí ẹ bá wọ gbàgede Ramesses Kejì, ẹ yíjú sí òsì kí ẹ gbé ojú sókè. Mọ́ṣáláṣí Abu Haggag wà lórí àwọn òpó tẹ́ńpìlì náà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, iyanrìn àti àlàpà ìlú ti bo tẹ́ńpìlì dé ọrùn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ sì ni lójú àwọn tó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wá hú iyanrìn náà kúrò, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ṣẹ́ kù sókè lójú ògiri, kò sí àtẹ̀gùn tó débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì, láti òde tẹ́ńpìlì, ni wọ́n ń gbà wọlé báyìí, Mùsùlùmí tó bá sì wà láàárín yín lè lọ kírun mùgùríbù níbẹ̀. Ẹ ní kí amọ̀nà fi ilẹ̀kùn òkè náà hàn yín kí ẹ tó fún un ní owó ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì má gbàgbé awakọ̀.